Má Jẹ́ Ìpè Nídìí Ayùn

Ìka mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ òsì Alága. Ayùn ló jẹ méjì yòókù, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn ará àdúgbò kò pè é ní Alága torí pé ó ń darí ìpàdé kankan o. Àga ló ń kàn. Ó kan àga fún ilé ẹjọ́, ó kan ti ilé ìwòsàn, ó kan èyí tí ìdajì àdúgbò ń jókòó lé jẹun. Nígbà tí àgbà dé, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́, ọmọbìnrin yẹn ló gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Alága ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínlógójì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, síbẹ̀ Ọmọ Alága náà ni. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ní orúkọ tirẹ̀ fún un. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ìyá tó bí Alága kú kí oyún ọmọ náà tó dúró, nítorí náà Yèyé ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti dáyé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ọmọ gan-an, kó tó dolóògbé, kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Páànù ló bò ó, fèrèsé méjì ló wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ayùn wà: tábìlì irin kan tó ti ń dán gbinrin nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí pákó ti ń fara nù ún, tí abẹ roboto yọ orí jáde láàárín rẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹja lójú omi. Alága kò kọ òfin kankan sára ògiri. Ẹnu ló fi ń sọ ọ́, ojú ló sì fi ń ṣọ́ ọ. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, ìbọ̀wọ́, ẹnu ọ̀nà ni kí o bọ́ gbogbo rẹ̀ sí, torí abẹ kì í jẹ aṣọ kó fi ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìbòrí tó wà lórí abẹ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bí pákó bá ku díẹ̀ kó tán, ọ̀pá ìtaari ni kí o fi tì í, kì í ṣe àtàǹpàkò tí ìyá rẹ bí mọ́ ọ. Má dúró sẹ́yìn pákó gan-an, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bí igi bá há abẹ mọ́nú, á ta padà bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí o bá sì pa á, má tíì nawọ́.

"Abẹ tó ń dúró kò tíì dúró," ni Alága máa ń wí.

Gbogbo èyí, káfíńtà tó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Èyí tó kù ló ṣàjèjì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹni tó wà nídìí ayùn. Bí ilé ń jó, má pè é. Rìn yí po wá síwájú rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó ọ, gbé ọwọ́ sókè, kí o sì dúró títí á fi pa ẹ̀rọ. Ẹni tó wà nídìí ayùn náà ńkọ́? Bó bá gbọ́ tí wọ́n pè é, kò gbọdọ̀ jẹ́.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pè mí ńkọ́, Bàbá?" Ọmọ Alága bi í rí, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

"Èmi kọ́ ni."

"Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni."

"Mo gbọ́ ọ. Mo ní èmi kọ́ ni." Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ oníka mẹ́ta rẹ̀ gbọn ìyẹ̀ igi kúrò lórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì kan, lọ́sàn-án, ni Alága kú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà, baba wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Yèyé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Bí o bá dé, rán mi létí." Ọmọ náà ní òun ti gbọ́, ó sáré lọ. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó ń la pákó gígùn kan, ó gbójú sókè, ó rí ọkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, aago méjì kì í bá a níta ilé ìwé. Ó gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ Alága fi ọ̀pá ti pákó náà dé òpin, ó pa ẹ̀rọ, ó dúró ti abẹ títí ó fi dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo àkókò yẹn ló ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìyẹ̀ igi.

Wọ́n sin baba. Ọjọ́ kẹwàá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ogójì bẹ́ǹṣì ni ilé ìwé kan ń retí lọ́wọ́ wọn kí àwọn ọmọ tó wọlé, kò sì sí ẹni tó lè bá ọ̀fọ̀ jókòó títí kí iṣẹ́ dúró dè é. Òun pẹ̀lú Sáré-Sáré ló wà nídìí ẹ̀. Sáré-Sáré yìí, ọkùnrin tó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ṣọ́ọ̀bù ni, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rán an ní ìṣó, á ti dé kí wọ́n tó sọ irú èyí tí wọ́n fẹ́. Ìgbà tí Alága ti bá a wí nítorí pé ó yọ ìbòrí abẹ, tàbí tó fi ọwọ́ lásán ti igi, bí ẹ bá kà á, ẹ óò sùn lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Ọmọ Alága kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ayùn ní bí ó ṣe ń ké. Bí kò bá sí igi lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á dúró síbẹ̀ gbọnrangandan. Bí eyín bá wọnú pákó, ohùn á rẹlẹ̀, á wúwo. Bí pákó bá ń tán lọ, á tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Níbi tó ti ń gòkè yẹn gan-an, tí igi tó kù kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ẹnìkan pè é láti inú ariwo náà.

"Yèyé."

Kò pariwo. Bí ẹni tó wà nínú yàrá, tó fẹ́ kí ọmọ bá òun mú awò ojú òun wá. "Bàbá" ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó tó pa eyín pọ̀. Ó ti igi dé òpin, ó pa ẹ̀rọ, ó yọ ìbotí tó fi bo etí nítorí ariwo.

"Ṣé o pè mí?"

Sáré-Sáré gbójú sókè láti ibi tó ti ń fi pépà oníyanrìn fá igi. "Èmi? Ọ̀gá, kí ni mo mu yó tí màá fi pè yín nídìí ayùn?"

Ọmọ Alága lọ wo ìta. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀, òjìji òrùlé ló sì sá sí.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, ó tún ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò kà á mọ́. Kì í wá nígbà tí pákó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kì í sì í wá ní àárín. Ìgbà tí ọwọ́ bá kù díẹ̀ kó dé abẹ ló ń wá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fà á mọ́ra, ó ní ìbànújẹ́ ni, pé òun náà ń rò pé òun gbọ́ ìkọ́ bàbá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú di ìgbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rù ló yẹ kó bà á. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé kò bà á fún ìgbà pípẹ́. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ń múra kíákíá, ó ń rìn lọ bí ẹni tí àlejò ń dúró dè. Baba ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ sọ. Ó ní kó rán òun létí. Ọ̀rọ̀ wo ni? Ó ti tú gbogbo ilé wò, kò sí ìwé kan, kò sí àmì kan. Bí òkú bá sì ní ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu, ibo ni ì bá tún ti wá sọ ọ́, bí kò ṣe ibi tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀?

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kọ́kọ́ sún ìbotí kúrò létí òsì. Ohùn náà wá sún mọ́ ọn. Ó ní, "Yèyé, gbọ́." Ó gbé ìbotí náà kọ́ ìṣó, kò sì mú un mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ṣàkíyèsí pé ìbòrí abẹ ń gbọ̀n, ó ń ṣe jìgìjìgì, ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú sípánà, ó tú u.

Sáré-Sáré dúró, ó ń wo sípánà, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ìbòrí dà?"

"Ó ń dí mi lójú."

"Ó ń dí yín lójú." Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Òkò ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń lé mi."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ lọ jẹun, Sáré-Sáré dá ìbòrí padà sáyè rẹ̀. Ọmọ Alága dé, ó tún tú u. Ó gbé e sórí àjà níbi tí ọwọ́ Sáré-Sáré kò ti lè tó o láìgun àkàbà.

Ọ̀pá ìtaari ló kúrò kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ọ̀pá ti igi á dúró jìnnà sí tábìlì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tì í lè tẹ̀ síwájú, ó lè gbé etí sún mọ́ ọn. Ohùn náà ti ń sọ gbólóhùn nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kì í parí rẹ̀. "Yèyé, ọ̀rọ̀ tí mo..." pákó á tán, ohùn á fò sókè, á di ariwo irin lásán. Ó ní láti mú pákó mìíràn. "Yèyé, mo fẹ́..." yóò tún tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí baba kú, bẹ́ǹṣì méjìlá ti wà ní sẹpẹ́. Ọmọ Alága ní kí Sáré-Sáré bá ọlọ́kọ̀ ẹrù lọ gbé wọn dé ilé ìwé. Sáré-Sáré ní ọlọ́kọ̀ mọ ọ̀nà, pé kò nílò ẹnì kejì.

"Mo ní kí o bá a lọ."

Ó lọ. Ọmọ Alága nìkan ló kù. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba fèrèsé wọlé, eruku igi dúró nínú rẹ̀ láìmì. Pákó tó yẹ kó là ti tán, ó ti là á láti àárọ̀. Ó ṣa àjákù igi jọ nílẹ̀, àwọn èyí tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe nǹkan kan, ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó tún mú ìdajì, ó gé e sí méjì.

"Yèyé."

Ó tẹ̀ síwájú. Ìdí gèlè rẹ̀ tú, etí aṣọ náà kan rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ pé ó rọ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn mọ̀ nínú oorun pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tí kò dìde, bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Yèyé, súnmọ́ mi."

Ó sún mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ abẹ ń fẹ́ sí i létí, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ní òórùn igi tó fẹ́ jó. Òórùn aṣọ baba rẹ̀ nìyẹn.

"Yèyé, ìwọ dà? O kì í dá mi lóhùn. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Inú rẹ̀ bà jẹ́ gidigidi. Ta ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá rẹ̀ kó dákẹ́? Ohùn náà ti kúrò nínú abẹ, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, nídìí fèrèsé, níbi tí Alága máa ń gbé àga sí. Ó la ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú.

Ni ohùn náà bá ń rì.

Kò dúró lójijì. Ó ń lọ sílẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, ó ń ki, ó ń fẹ̀. "Yè... yé..." Kì í ṣe ohùn Alága mọ́. Kì í ṣe ohùn ọkùnrin, kò sì jọ ti obìnrin. Ohun tó wúwo kan ni, tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kejì, tó sì ń fi orúkọ rẹ̀ mí. Ìbẹ̀rù gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró gbagidi, kò mí, títí eyín abẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó kẹ́yìn fi dúró.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ. Èékánná rẹ̀ ti fá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó mọ́ fínnífínní bí ẹni pé wọ́n fi fáìlì fá a. Kò sí ẹ̀jẹ̀ rárá.

Sáré-Sáré wà lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dì mọ́ súìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pa á.

"O ti dé," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ọmọ Alága.

"Mi ò lọ, Ọ̀gá. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìkóríta. Ara mi ò balẹ̀." Ó nu imú rẹ̀. "Mo wá síwájú yín. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó pẹ́ tí mo ti gbé e. Ẹ̀ ń wò mí, Ọ̀gá, ojú yín wà lára mi, ẹ ò rí mi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ṣé kí n pè yín ni?" Ó wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti yí. "Bàbá á jí dìde wá gbá mi létí."

"Ṣé o gbọ́ ohùn kankan?"

"Ohùn ayùn ni mo gbọ́. Àmọ́ ẹnu yín ń mì."

Sáré-Sáré ló fà á wá sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ okùn ẹ̀rọ kúrò lára iná, ó sì sáré, ó sáré lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ pe Àpọ́n.

Àpọ́n kì í ṣe àpọ́n o. Ó ní ìyàwó, ó bí ọmọ méje, ó ti ń jó lọ́jọ́ ìyàwó ọmọ-ọmọ. Ayùn ló ń pọ́n. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń pọ́n abẹ fún gbogbo káfíńtà àdúgbò, ló fi di Àpọ́n sí wọn lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ Alága ni, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì á wá nǹkan nu imú. Ó wọlé, ó wo abẹ tó wà níhòòhò, ó wo òkìtì àjákù igi, ó wo èékánná. Ó jókòó.

"Ta ló pè ọ́?"

"Bàbá mi."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó mi orí. "Òun náà, ìyá rẹ̀ ni."

Ọmọ Alága gbójú sókè.

"Ó sọ fún yín pé ìkánjú ló jẹ òun níka, àbí? Èmi wà níbẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin màmá ni, kò tíì pé oṣù méjì. Mo gbé abẹ tí mo pọ́n wá fún un. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí i tó ti yọ ìbòrí, tó tẹ orí báyìí, tó ń gé igi tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n pè é. Mo la ẹnu ni o, ọ̀rọ̀ ò tíì jáde." Àpọ́n gbé ọwọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀. "Ó ti dáhùn. Ó ní, 'Mo ń bọ̀, Màámi.' Ó yíjú. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ojú ti kúrò níbẹ̀."

Sáré-Sáré dì mọ́ apá ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí náà ni?" Ọmọ Alága bi í.

"Rárá. Ìyẹn ti di irin àlòkù tipẹ́. Ẹ̀kẹta nìyí. Nítorí náà, bóyá ẹ̀rọ ni, bóyá èèyàn ni, mi ò mọ̀. Mo ti pọ́n abẹ tó ọgọ́rùn-ún ṣọ́ọ̀bù, kò tíì sí èyí tó pè mí. Ẹni mẹ́ta ni mo mọ̀ tó gbọ́ irú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú. Ọ̀kan nínú wọn kò dìde nídìí ẹ̀rọ."

"Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọ, láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ẹ̀yin mọ ọ̀rọ̀ náà?"

Àpọ́n ronú. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó lè jẹ́ èyí. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ òrùlé yín tó ń jò, torí òun ló ń fi yọ mí lẹ́nu ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí baba rẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì, ọmọ mi, ṣé ibi tí ìka rẹ á ti gé ló máa jókòó sí láti sọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti yẹ kó sun láti ọjọ́ ìsìnkú wá jáde. Ó sun ún tó, ọkùnrin méjèèjì jókòó tì í, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Alága kò dé ìdí ayùn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àpọ́n ló ní bẹ́ẹ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ dòfin: ẹni tí òkú rẹ̀ ṣì tutù, iṣẹ́ ọwọ́ ni kó máa ṣe. Ó ń gbẹ́ igi, ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ń kàn án. Sáré-Sáré ló ń la pákó. Ó gun àkàbà, ó sọ ìbòrí kalẹ̀, ó dè é padà sórí abẹ, ó wọ ìbotí, ó mú ọ̀pá, ó ń rọra ti igi bí ẹni ń ti ọmọ ìkókó lójú oorun. Wọ́n pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ju ọjọ́ tí ilé ìwé dá lọ, ilé ìwé sì bínú, àwọn ọmọ náà jókòó nígbẹ̀yìn.

Ọmọ Alága tún pe ẹlẹ́rọ kan kó wá wo inú ẹ̀rọ náà. Ẹlẹ́rọ tú u, ó ní abẹ kò ní nǹkan kan, ẹ̀ńjìnnì kò ní nǹkan kan, àmọ́ bẹ́ríìn ti jẹ, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá abẹ ń yí nínú rẹ̀. Ó fi ìka yí i kí wọ́n gbọ́. Ó ń sunkún wíínríín. "Èyí ló ń ké fún yín," ló wí, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Ó fi tuntun sí i. Wọ́n tan ẹ̀rọ wò. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó lọ tààrà, kò yàtọ̀ sí ti fáànù. Ọmọ Alága dúró nídìí ìlẹ̀kùn, ó fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi pa á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fọ ojú.

Ó tó ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, ó ń wá Sáré-Sáré kó wá bá òun di ẹsẹ̀ tábìlì kan mú. Kò rí i. Ó rí i lẹ́yìn pákó tí wọ́n tò jọ, lórí àpótí kan, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri. Ó pa ojú dé. Ó gbé bẹ́ríìn àtijọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ń fi ìka yí i, wíínríín, ó dúró, ó tún yí i. Oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò tíì ṣí i.

Ó rìn yí po wá síwájú rẹ̀, ó dúró títí ọkùnrin náà fi lajú.

"Kí lo ń gbọ́?"

Ojú tì í. "Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá." Ó ń yí òrùka irin náà lọ́wọ́. "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni màmá mi kú. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mo ní bóyá..." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Bó bá tilẹ̀ pè mí gan-an, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?"

Ọmọ Alága na ọwọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sáré-Sáré tó gbé e lé e.

Ọmọ Alága kò padà sídìí iṣẹ́. Bó ṣe wà nínú aṣọ iṣẹ́, ìyẹ̀ igi lórí, ó gba òpópónà lọ, ó mú bẹ́ríìn náà jìnnà sí ara, bí ẹni tó mú ìrù eku. Ó dé ọ̀dọ̀ onírin àlòkù ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó gbé e lé orí òkìtì irin.

"Ẹ dúró kí n wọ̀n ọ́n, Ọmọ Alága," ni ọkùnrin náà wí.

Ó ní kó má ṣèyọnu. Ó ti yí padà, ó ti rìn tó ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kó tó gbọ́ tí ọkùnrin náà mú òrùka irin náà, tó fi ìka yí i wò. Ohùn kékeré kan gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò yíjú, ó ń lọ.